Sarcosuchus imperator

Sarcosuchus imperator jẹ́ ẹ̀dá afàyàfà ńlá kan tó jọ ọ̀nì, tó gbé láyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 112 ọdún sẹ́yìn. Aṣálẹ̀ Ténéré, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, ni wọ́n ti hú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn egungun rẹ̀ tó ti di òkúta. Iyanrìn nìkan ló kù níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀, odò ńláńlá ló ń ṣàn kọjá níbẹ̀. France de Broin àti Philippe Taquet, ọmọ ilẹ̀ Faransé méjèèjì, ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1966. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ẹran ara àti ọ̀nì, ni wọ́n so pọ̀ di Sarcosuchus. Imperator jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìn fún ọba aláṣẹ ńlá. Bó ti wù kó jọ ọ̀nì tó, kì í ṣe ọ̀nì gan-an. Ìdílé Pholidosauridae, tó ti run láyé, ló ti wá. Ìbátan ọ̀nà jíjìn ni òun àti àwọn ọ̀nì òde òní.

Bí wọ́n ṣe rí i

Eyín àti egungun wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Láàárín ọdún 1946 sí 1959, Albert-Félix de Lapparent, àlùfáà Kátólíìkì tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, rin aṣálẹ̀ Sàhárà káàkiri, ó ń ṣa eyín, ìpẹ́ àti egungun ẹ̀yìn jọ. Wọ́n hàn gbangba pé ti ẹran tó jọ ọ̀nì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò tó láti fi mọ irú ẹran tó ni wọ́n.

Ọdún 1964 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń rí sí agbára átọ́míìkì ní ilẹ̀ Faransé rí agbárí kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré ní Gadoufaoua, láàárín Ténéré. Àwọn Tuareg ló ni orúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí ràkúnmí ń bẹ̀rù àtidé. Wọ́n gbé agbárí náà lọ sí Paris, òun sì ni de Broin àti Taquet gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó kéde ẹ̀yà tuntun yìí. Títí dòní, agbárí yẹn ni òdiwọ̀n: egungun yòówù tí wọ́n bá tún rí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi wé.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àfìgbà tí Paul Sereno, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, kó ikọ̀ lọ sí Ténéré lọ́dún 1997 àti 2000 ni wọ́n tó rí àwọn agbárí mìíràn pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn, ti ẹsẹ̀ àti ti ìbàdí. Lọ́dún 2001, òun, Hans Larsson, Christian Sidor àti Boubé Gado, tó jẹ́ ọmọ Nìjẹ̀r, kọ àbájáde iṣẹ́ náà sínú ìwé ìròyìn Science. Láti ìgbà náà ni àwọn oníròyìn ti ń pè é ní SuperCroc, orúkọ tó sì wá gbajúmọ̀ ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní 1966 lọ.

Orí, eyín àti ìpẹ́

Agbárí tó tóbi jù nínú wọn gùn tó mítà 1.6, bí wọ́n bá gbé e nàró, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó àgbàlagbà èèyàn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló jẹ́ ẹnu. Eyín 35 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lókè, 31 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí tó jẹ́ 132 lápapọ̀. Ẹnu òkè yọ síwájú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ihò ojú rẹ̀ kọjú sókè, ó sì ṣeé ṣe kó máa fi gbogbo ara pamọ́ sábẹ́ omi kó máa wo etí odò.

Ohun tó ṣàjèjì jù lára rẹ̀ ni ṣóńṣó imú rẹ̀, tó wú bọ̀ǹbọ̀. Àwọn akọ ọ̀nì ẹlẹ́nu gígùn ti ilẹ̀ Íńdíà náà ní kókó lórí imú, ṣùgbọ́n akọ nìkan ló ní in. Ti Sarcosuchus wà lórí gbogbo agbárí tí wọ́n tíì rí, nítorí náà ó ṣòro láti sọ pé ohun tí akọ fi ń wá abo ni. Àwọn kan ní ó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbóòórùn tàbí láti ké. Kò sí èyí tó tíì fìdí múlẹ̀.

Ìpẹ́ tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ egungun pẹlẹbẹ, òmíràn gùn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Sereno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sì fi awò amóhun-tóbi wò ó. Ìlà ló tò tẹ̀léra nínú rẹ̀, bí ìlà tí a ń rí nínú igi tí a bá gé e lulẹ̀, ìlà kan fún ọdún kan. Wọ́n ka nǹkan bí 40 nínú ìpẹ́ ẹran kan tí kò tíì dàgbà tán. Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ pé ó lè gbà á tó ọdún 50 sí 60 kó tó dàgbà dé góńgó.

Ìwọ̀n rẹ̀

Níbí ni àríyànjiyàn pọ̀ sí, nítorí kò sí egungun kan ṣoṣo tó pé láti orí dé ìrù. Àwọn ọ̀nì òde òní ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: bí orí wọn bá gùn tó báyìí, báwo ni ara wọn ṣe máa ń gùn tó? Lọ́nà yìí ni ìṣirò ikọ̀ Sereno lọ́dún 2001 fi jẹ́ mítà 11 sí 12, pẹ̀lú ìwúwo tọ́ọ̀nù 8. Ẹnu gígùn a sì máa tan ni jẹ, nítorí ó lè gùn gbọọrọ lórí ara tí kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn fi ìbú orí ṣírò lọ́dún 2019, ó wálẹ̀ sí bíi mítà 9 sí 9.5, tọ́ọ̀nù 3.5 sí 4.3. Síbẹ̀ náà, kò kéré. Lolong, ọ̀nì omi iyọ̀ tí wọ́n mú ní Philippines lọ́dún 2011, kò ju mítà 6.17 lọ.

Ẹja ńláńlá kún odò tó gbé, àwọn dáínósọ̀ bíi Ouranosaurus, Nigersaurus àti Suchomimus sì ń rìn létí rẹ̀. Ó dájú pé ó ń jẹ ẹja. Bóyá ó ń mú dáínósọ̀ bí ọ̀nì ṣe ń mú màlúù tó wá mumi ni wọn kò fẹnu kò lé lórí. Ìwádìí kan lọ́dún 2014 ní agbárí rẹ̀ lè máà lágbára tó láti fi ẹran yí po nínú omi bí ọ̀nì ti ń ṣe.

Ti Bràsíl

Wọ́n ti rí eyín ìbátan rẹ̀ kan tipẹ́ kí wọ́n tó rí agbárí ti Gadoufaoua. Lọ́dún 1867, Charles Hartt, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, rí eyín méjì ní Recôncavo, ní Bahia, ilẹ̀ tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ nígbà òwò ẹrú. O. C. Marsh, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí egungun tó ti di òkúta, sọ ẹran tó ni wọ́n ní Crocodylus hartti. Ó di 1977 kí Eric Buffetaut àti Taquet tó tún wọn yẹ̀ wò, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Sarcosuchus hartti. Ní ìgbà ayé àwọn ẹran yìí, Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pínyà ni. Òkun Àtìláńtíìkì kò tíì fẹ̀ tó láti dí irú wọn lọ́nà.