Bí Ẹ̀bùn Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́ Ìjọba Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Nàìjíríà

Ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn yunifásítì tó jẹ́ tirẹ̀ kò ní máa gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń lépa oyè àkọ́kọ́. Síbẹ̀, òbí tó bá ní ọmọ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ pé ìnáwó kò tibẹ̀ tán. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ilé wà, bẹ́ẹ̀ ni owó láàbù, ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń wọ̀ síbẹ̀, àti ìwé práktíkà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rà ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní iléeṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES, èyí tí àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦15,000 péré ni owó tí wọ́n ń san fún oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà. Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílùú Èkó mọ̀ pé owó náà kò lè gbé e dé ibì kankan. Irú àlàfo báyìí ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba wà láti dí.

Ọ̀nà tí owó náà ń gbà wá ju ẹyọ kan lọ, ibi tó sì ti wá ló ń sọ ẹni tó lè gbà á. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń wá láti ọwọ́ Federal Scholarship Board, ìgbìmọ̀ tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Inú ètò ìṣúná ọdọọdún ni owó rẹ̀ ti ń jáde, ìyẹn ni pé ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí iléeṣẹ́ ètò ìnáwó sì tú u sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde lónìí kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ dá ọjọ́ fún onílé pé òun yóò san owó lóṣù tó ń bọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, yálà ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, tó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún (full-time), ni ìgbìmọ̀ yìí ń wò. Ní ti yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti wọ ọdún kejì, kí CGPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo àmì ẹ̀kọ́ rẹ̀, sì tó 4.0 nínú 5.0. Gbólóhùn kékeré yìí ló ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó.

A ń fi yúnìtì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fún iṣẹ́ náà, ṣe ìlọ́po àmì tó bá lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà: A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3. Lẹ́yìn èyí, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan ní ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místírì ní yúnìtì mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀kọ́ gbogboogbò ní yúnìtì méjì, àti práktíkà físíìsì ní yúnìtì kan ṣoṣo. Ó gba C nínú ìṣirò àti físíìsì, ó sì gba A nínú gbogbo èyí tó kù. Àpapọ̀ àmì rẹ̀ jẹ́ 48; tí a bá fi yúnìtì 12 pín in, 4.00 géérégé ni. Ṣùgbọ́n tí práktíkà oníyúnìtì kan yẹn bá jẹ́ B dípò A, àmì náà di 47, ìdáhùn sì di 3.92. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti jábọ́ nìyẹn, nítorí ìjábọ̀ iṣẹ́ láàbù kan tàbí méjì tí kò fi sílẹ̀ lásìkò. Ìdí nìyí tí a fi lè sọ láìṣàsọdùn pé ọdún kìíní ni wọ́n ti ń pinnu ẹ̀bùn yìí, nígbà tí ẹni tó ń jìyà rẹ̀ kò tíì gbọ́ orúkọ ìgbìmọ̀ náà rí. Ọdún kìíní yìí kan náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìṣirò, físíìsì àti kẹ́místírì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́. Ó yẹ kí àwọn olùdámọ̀ràn ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa sọ èyí fún àwọn ọmọ tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀nà kejì ni PTDF, àjọ tí wọ́n fi òfin ọdún 1973 dá sílẹ̀ láti máa fi owó epo rọ̀bì kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ epo. Òfin náà dárúkọ ìmọ̀ ẹnjiníà, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ìṣàkóso, ó sì fi àṣẹ fún àjọ náà láti fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àti bọ́sárì (owó ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́) nílé àti lókè òkun. Wọ́n máa ń wo bí ẹ̀kọ́ tí ẹni náà ń kọ́ ṣe tan mọ́ epo àti gáàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ewéko lè ní CGPA tó ga ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ nípa àpáta lọ, kó má sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tẹ́lẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí BEA, tó ń kó àwọn ọmọ tó ṣe dáadáa nínú ìdánwò girama lọ sí orílẹ̀-èdè bíi Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Hungary àti Morocco. Ní ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fòpin sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń gba owó fọ́ọ̀mù BEA lọ́wọ́ òbí, ẹ sá fún un.

Ọ̀nà kẹta ni bọ́sárì àti ẹ̀bùn ìpínlẹ̀. Ibi tí bàbá ti wá ló ṣe pàtàkì níbí, kì í ṣe ibi tí ọmọ ń gbé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Sùúrùlérè, tó dàgbà síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ìpínlẹ̀ Ògùn ni yóò ti béèrè. Ó ní láti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ìlú baba rẹ̀, kó gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lórí kí òǹtẹ̀ náà kan fọ́tò àti ìwé pọ̀. Níbòmíràn, wọ́n á kọ́kọ́ ní kó mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí. Ìrìn-àjò yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì kí ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ tì.

Ohun tó tún ń ṣe ìdíwọ́ ni orúkọ. Ìwé WAEC, NIN, lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB àti BVN gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Olúwaṣeun lórí ìwé WAEC lè di Ṣeun lásán lórí NIN. Ìdílé tó yí Fá- padà sí Olú- lè ti yí i nígbà tí àkọ́bí wọn wà ní girama, kí ìwé ọmọ náà sì pín sí méjì. Ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fún ni ní NIN, ni wọ́n ti ń tún un ṣe, BVN sì jẹ́ ti báǹkì. Méjèèjì ń gba àkókò.

Nígbà tí àwọn ìwé bá pé, wọ́n á ṣe àṣàyàn, àwọn tó yege á sì jókòó fún ìdánwò tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nítorí pé owó gbogbo orílẹ̀-èdè ni owó ìjọba àpapọ̀, wọ́n ń wo ìpínlẹ̀ tí olúkúlùkù ti wá pẹ̀lú, nítorí náà máàkì kan náà lè gbé ọmọ ìpínlẹ̀ kan wọlé, kó sì fi ti òmíràn sílẹ̀. Ó máa ń dun àwọn ọmọ wa ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, níbi tí àwọn tó ń béèrè ti pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ló ní kí a máa pín nǹkan ìjọba àpapọ̀ kárí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, mọ́ èyí. Ẹ̀yáwó ni, lábẹ́ òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ìkẹ́kọ̀ọ́ fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gba ₦20,000 lóṣù fún ìjẹun àti àwọn ìnáwó mìíràn. Tó bá ti sin ìlú tán, tí ọdún méjì sì ti kọjá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ títí yóò fi san án tán. Ẹni tí kò rí ẹ̀bùn gbà lè lọ síbẹ̀, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ̀ kó tó fọwọ́ sí i pé gbèsè ni.