Kí ló dé tí orin Big K.R.I.T. fi máa ń mi mọ́tò tìtì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ráápù ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ò dún dáadáa lórí fóònù yín, ẹ̀bi fóònù ni o. Iṣẹ́ mixing, ìyẹn kéèyàn po ohùn àti ìlù orin pọ̀ kó dún dáadáa, ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ n fi Big K.R.I.T. ṣàlàyé ẹ̀ torí òun ló ń ráápù, òun náà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bíìtì ẹ̀.

Justin Scott lorúkọ ẹ̀, Meridian ní Mississippi ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1986. Lọ́dún 2010 ló gbé mixtape (àkójọ orin) ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ K.R.I.T. Wuz Here jáde. Pimp C tó jẹ́ ìkan nínú UGK, ẹgbẹ́ ráápù àwọn ọmọ Port Arthur ní Texas, ti kú láti 2007, K.R.I.T. wá lọ gbé nǹkan tí Pimp C máa ń pè ní country rap tunes padà: gìtá blues, ọ́gáànì ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tí wọ́n ń fà bí ẹni tí ò kánjú lọ síbì kankan, àti báàsì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ tó ń dún gbì.

Báàsì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Roland gbé ẹ̀rọ ìlù TR-808 jáde lọ́dún 1980, tẹ́ ẹ bá fa kick ẹ̀ (ìlù ńlá inú ẹ̀) gùn, ó ti di báàsì nìyẹn, ó lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 50 hertz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), spíkà fóònù tín-ín-tìn-ìn yẹn ò sì lè gbé e rárá, ìdajì orin lẹ̀ ń gbọ́ jàre. Ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, inú mọ́tò ni wọ́n ti ń gbọ́ orin, wọ́n á ki subwoofer, spíkà ńlá tó ń gbé báàsì, sínú búùtù. K.R.I.T. tiẹ̀ ní àwọn orin tó kọ nítorí subwoofer nìkan, My Sub ló pè wọ́n. Táwa bá fẹ́ mix irú ẹ̀, a máa gé ìró ìsàlẹ̀ gìtá àti ọ́gáànì kúrò káàkiri kó lè ṣẹ́ ku àyè fún 808, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á kàn máa kùn ni.

Ibi tó ti wá le ni ọ̀rọ̀ sample, ìyẹn kéèyàn gé orin àtijọ́ fi ṣe bíìtì. Ẹni tó kọ orin máa yọ̀ǹda, ẹni tó ni àwo náà máa yọ̀ǹda, tí ìkan bá kọ̀, ó ti parí. Lórí mixtape ọ̀fẹ́, wọn kì í sábà pè ẹ́ lẹ́jọ́. Àmọ́ nígbà tí Def Jam, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, gbé àwo ẹ̀, Live from the Underground, jáde lọ́dún 2012, ọ̀rọ̀ di ti owó àti lọ́yà, K.R.I.T. dín sample kù gan-an, ó ní káwọn èèyàn wá lu ohun èlò orin sí i, kódà B.B. King, àgbà olórin blues tóun náà jẹ́ ọmọ Mississippi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn àwo yẹn, àmọ́ èyí tó dá ṣe lọ́dún 2017 lẹ́yìn tó kúrò ní Def Jam, 4eva Is a Mighty Long Time, ló ta á yọ létí tèmi, àwo méjì, ìkan fún K.R.I.T., ìkan fún Justin Scott.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń gé fújì àtijọ́ sínú bíìtì, òfin kan náà ló ń dè yín. Tẹ́ ò bá rówó ẹni tó ni àwo san, ẹ pe onílù kó tún un lù, ẹni tó kọ orin nìkan lẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀.