Tókìn: ohun tí "badtoken" ń sọ fún bot yín

Ẹni tó bá ń lo mítà pírípéèdì ti mọ tókìn tipẹ́. Nọ́ńbà 20 ni, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sí mítà, iná á wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé tókìn tí ẹ rà fún mítà yín lọ tẹ̀ sí ti ará ilé kejì, kò ní gbà á, bí nọ́ńbà náà tilẹ̀ pé. Mítà tí wọ́n ṣe é fún nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Tókìn orí Wikipedia kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. MediaWiki, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni Wikipedia fi ń ṣiṣẹ́, ti èdè Yorùbá náà sì wà lára rẹ̀. Bot, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ṣe àtúnṣe, kì í ṣí ojú ewé kó máa wá bọ́tìnì àtúnṣe kiri bí àwa èèyàn. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé, ìyẹn API, tí àdírẹ́sì rẹ̀ ń parí sí api.php. Kó tó lè kọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè tókìn kan tí wọ́n ń pè ní CSRF, kó sì mú un wá pẹ̀lú àtúnṣe tó fẹ́ ṣe. Bí tókìn ọ̀hún kò bá bá a mu, badtoken ni èsì.

Ẹ lè bi mí pé, bot tó ti fi orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù wọlé, kí ló tún ń fi tókìn ṣe? Kúkì ló fà á. Bí ẹ bá ti wọlé, Wikipedia á fún browser yín ní kúkì, ìyẹn àmì kékeré tó fi ń dá yín mọ̀, browser á sì máa gbé e lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà láì bi yín. Gbájúẹ̀ kan lè wá gbé bọ́tìnì "Gba dátà ọ̀fẹ́" sórí ojú ewé tirẹ̀, kó jẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, browser yín ń lọ kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú àyọkà kan dànù ní Wikipedia. Kúkì yín á bá a lọ, orúkọ yín ni wọ́n á sì bá níbẹ̀. Tókìn nìkan ni gbájúẹ̀ kò rí gbà, torí kò lè ka ohun tí Wikipedia fi ránṣẹ́ sí yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀pọ̀ badtoken kì í ṣe ẹ̀bi tókìn. Kúkì ló sọnù. Bot àkọ́kọ́ tí mo kọ, tó yẹ kó máa fi ẹ̀ka sí àyọkà àwọn ìlú, dá mi lágara fún ọjọ́ méjì gbáko. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú requests, irinṣẹ́ rẹ̀ tó ń bá ìkànnì sọ̀rọ̀. Mo ń fi requests.get gba tókìn, mo ń fi requests.post gbé e lọ, àwọn méjèèjì kò sì pín kúkì kankan. Lójú Wikipedia, ẹni tó gba tókìn kọ́ ló mú un dé. Tókìn tèmi, mítà ará ilé kejì! Mo fi requests.Session rọ́pò wọn, torí òun ń tọ́jú kúkì, iṣẹ́ sì lọ wẹ́rẹ́. (Mo ti bú Wikipedia tán kí n tó rí i.) Ẹni tó bá ń lo Pywikibot, irinṣẹ́ Python tí wọ́n ṣe fún bot Wikipedia, kì í sábà kó sí irú wàhálà yìí, ó ń bá wọn ṣe é.

Báyìí, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń tẹ tókìn síta kí n wò ó. Ti ẹni tó ti wọlé máa ń gùn, á sì parí sí +\. Bí ẹ bá rí +\ lásán, láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀, tókìn àlejò nìyẹn: bot kò tíì wọlé rárá. Bí ẹ bá sì ti gba tókìn kí ẹ tó wọlé, ẹ jù ú nù, ẹ gba tuntun. Ẹ fi assert=user kún ìbéèrè yín, kí API lè kọ̀ jálẹ̀ dípò kí bot máa ṣàtúnṣe bí ẹni tí kò lórúkọ.

Pàkúté ni +\ yẹn fúnra rẹ̀. Bí a kò bá yí + padà sí %2B kó tó rìnrìn àjò, á di àlàfo lójú ọ̀nà. Àwọn tó kọ MediaWiki mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, kí ẹ̀rọ agbedeméjì tó bá ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lè tètè tú ara rẹ̀ fó. Ẹ̀rọ tó bá lè gbé + mì, kí lẹ rò pé yóò ṣe sí ẹ́ àti ọ̀ tiwa? Bí ẹ bá kó o sínú data tí requests.post ń gbé, requests á bá yín yí i padà. Àwọn tó ń fi ọwọ́ so àdírẹ́sì pọ̀ ló máa ń ṣubú. Ẹ tún fi tókìn sẹ́yìn gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn text tó gbé ọ̀rọ̀ àyọkà dání, kó lè jẹ́ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbedeméjì, tókìn kò ní dé, ààbọ̀ àyọkà kò sì ní rọ́pò odindi.

Àṣìṣe kan kù tó máa ń bo badtoken mọ́lẹ̀. Bí API bá tilẹ̀ kọ àtúnṣe yín, 200 ló sábà máa ń dá padà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò séwu. Inú JSON, ìyẹn èsì tó kọ ránṣẹ́, ni ó ti ń sọ òótọ́. Bot tó bá ń wo 200 nìkan á máa tẹ "ó ti parí" jáde láàárọ̀ dalẹ́, ìtàn àyọkà kò sì ní fi àtúnṣe kan ṣoṣo hàn.