Bí àwòrán fàájì etí odò Seine ṣe bẹ̀rẹ̀

Ká ní kò sí rélùwéè, bóyá ni àwòrán La Grenouillère tí Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, yà, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ì bá fi wà. Lọ́dún 1837 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Páríìsì gba ọ̀nà Saint-Germain. Nígbà tó yá, ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìgbafẹ́: akọ̀wé, aránṣọ, ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kálukú á san owó ọkọ̀, ó di etí odò.

Ní Croissy, ìlú kan létí odò Seine nítòsí Páríìsì, ilé ọtí kan wà tó léfòó lórí omi. La Grenouillère lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ibùgbé àkèré. Wọ́n ní kì í ṣe àkèré inú omi ni wọ́n ń bá wí o, àwọn ọmọge aláfẹ́ tó ń wá síbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń tukọ̀, wọ́n ń mutí. Erékùṣù kékeré kan wà níbẹ̀ tí igi kan ṣoṣo dúró lé lórí. Camembert ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ó rí roboto bíi wàràkàṣì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1869, Napoleon III, ọba ilẹ̀ Faransé, àti ìyàwó rẹ̀ pàápàá yà síbẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni Monet àti Auguste Renoir, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ọmọ ọdún 28 làwọn méjèèjì, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń ya ibì kan náà. Ọ̀dà inú túùbù, tí John Goffe Rand ará Amẹ́ríkà ṣe ní 1841, ló mú kí yíya àwòrán níta gbangba rọrùn. Inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ̀dà sí tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ ti Monet yàtọ̀. Salon, àfihàn àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí, ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó kọ̀wé sí Bazille ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kò sí búrẹ́dì nílé, kò sí iná ìdáná. Renoir ló ń gbé búrẹ́dì wá fún un láti ilé àwọn òbí tirẹ̀. Ọ̀dà gan-an tún tán. Ẹni tí ebi ń pa ló ń ya àwọn tó ń jayé!

Ẹ wo omi inú àwòrán Monet: ó kàn fi búrọ́ọ̀ṣì gbá dúdú, funfun àti àwọ̀ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ọ̀dà lásán ni. Ẹ sún sẹ́yìn, omi ń mì. Èèyàn àti aṣọ ni Renoir tẹjú mọ́ ní tirẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Monet sọ fún Bazille pé òun ń lálàá àwòrán ńlá kan nípa ibẹ̀, pé ìyàkuyà lásán lòun ṣì yà. Ó jọ pé ọ̀kan lára ìyàkuyà ọ̀hún ló wà ní Metropolitan Museum ní New York báyìí.