Gílóòbù Lund: ibi tí a ti mọ̀ pé gálásì kékeré ń da ńlá rú

Charles Messier rí M51 ní 1773; gálásì ni, ìyẹn agbo ńlá ìràwọ̀. Ní 1781, Pierre Méchain rí kékeré kan tó fara tì í. Àwọn àgbà wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá oṣù ni; irú ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi wo kékeré náà. Ní 1845, Lord Rosse gbé awò ńlá tó fi ń wo ojú ọ̀run kọjú sí wọn ní Birr, ní Ireland. Ó ya àwòrán apá M51 tó lọ́ yípo, tí ọ̀kan sì nà dé ọ̀dọ̀ kékeré. Nígbà náà, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ dájú pé gálásì ni wọ́n. Síbẹ̀, ṣé ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya èyí kò ní fura pé kékeré ló ń fa ńlá? Lójú tèmi, ó fura.

Ẹni tó dán ọ̀rọ̀ náà wò ni Erik Holmberg, ní Lund, ní Sweden, lọ́dún 1941, láìsí kọ̀ǹpútà. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù pẹ̀lú ìjìnnà ni òòfà, agbára tí nǹkan fi ń fa ara wọn, ṣe ń dín kù: ìlọ́po méjì ìjìnnà, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Nítorí náà, ó fi iná dípò òòfà: ó to gílóòbù 37 fún gálásì kan, 37 fún èkejì, ó ń wọn iná tó ń dé ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ó sì ń sún wọn bí ìwọ̀n náà bá ṣe sọ. Apá lílọ́ yọ. Ó tún hàn pé ìfàmọ́ra náà ń jẹ lára agbára ìrìn wọn, débi pé ọ̀kan lè mú èkejì mọ́lẹ̀.

Àwọn kan lè ní èyí kò kan kékeré àti ńlá, torí ọgbọọgba ni gálásì Holmberg méjèèjì. Ṣebí òòfà kan náà ni! Àwọn mìíràn sọ pé ọdún 1972 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Alar àti Juri Toomre fi kọ̀ǹpútà ṣe ti M51. Iṣẹ́ wọn dáa, ẹ̀yìn Holmberg ni wọ́n dé.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Ní 1957 wọ́n rí i pé etí àwo gálásì tiwa tẹ̀. Ní 1994 wọ́n rí gálásì kékeré Sagittarius tó ń yí tiwa ká. Ní 2018 Gaia, ẹ̀rọ òfuurufú tó ń wọn ìràwọ̀, fi hàn pé ìràwọ̀ tó yí oòrùn ká ṣì ń mì sókè sódò, láti nǹkan bí mílíọ̀nù 300 sí 900 ọdún sẹ́yìn. Sagittarius ni ọ̀pọ̀ ń fura sí pé ó dà wọ́n rú. Àwọn kan ní ó ti fúyẹ́ jù. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gálásì tiwa ló ti ń já ìràwọ̀ gbà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó tóbi ju báyìí lọ nígbà tó kọ́kọ́ dé.