Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bọ́ọ̀nù fáìlì sórí àwo CD

Abẹ́ àwo CD-R (CD tí a lè kọ fáìlì sí lẹ́ẹ̀kan) tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò máa ń ní àwọ̀ díẹ̀: òmíràn á dà bí ewé, òmíràn á ṣe búlúù, òmíràn á pọ́n bíi wúrà. Aró ló fà á. Ike tó nípọn tó mílímítà 1.2 ni àwo náà. Wọ́n tẹ́ aró sórí ike, wọ́n fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé aró kí ó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, wọ́n wá fi ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fa ilà kan sára ike yìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí ihò àárín, tó ń yí po lọ sí etí bí ilà ara ìkarahun ìgbín. Bí a bá tú ilà náà nà sílẹ̀, yóò gùn ju kìlómítà 5 lọ. Orí ilà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo fáìlì yóò tò sí, láti inú wá sí ìta. Philips àti Sony ló fi ìlànà CD-R lélẹ̀ ní 1990, òun ló jẹ́ kí àwo tí ilé iṣẹ́ kan ṣe máa ṣiṣẹ́ nínú dráífù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka àwo tó sì ń kọ ọ́, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Iná léésà tí dráífù fi ń ka àwo kò lágbára rárá. Tó bá di pé ó fẹ́ kọ nǹkan, dráífù á fi kún agbára iná náà lọ́pọ̀ ìlọ́po, ooru rẹ̀ á sì jó aró níbi tó bá bà sí; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀nù. Ibi tó ti jó kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa mọ́, ibi tí kò jó ṣì ń dán. Bí dídán àti ṣíṣú yìí ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ni dráífù ń kà, tó sì ń sọ di fáìlì. Aró tó bá ti jó kò ní àtúnṣe, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè pa ohun tó wà lórí CD-R rẹ́ kí a sì kọ òmíràn síbẹ̀. CD-RW yàtọ̀: àdàlù irin ló wà nínú tirẹ̀ dípò aró, ooru léésà lè yí i padà, ó sì tún lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí CD-RW ń dá padà kéré, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè kà á.

MB 700 ni CD sábà máa ń gbà, tàbí orin ìṣẹ́jú 80. DVD ń gba GB 4.7, torí pé ilà tirẹ̀ sún mọ́ra jù, àmì tí léésà rẹ̀ ń kọ sì kéré jù. Ẹni tó bá rí GB 4.37 lójú Windows kó má rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọ̀nà tí Windows ń gbà ka iye ló yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe àwo.

Kí iná léésà tó tàn, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò: orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tóbi tó, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilà. Ìlànà ètò yìí tó ń jẹ́ ISO 9660, tó jáde ní 1988, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbọ́. Àmọ́ ní ipele rẹ̀ tó kéré jù, lẹ́tà 8 péré ló ń gbà fún orúkọ, láìsí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Joliet tí Microsoft fi kún un ló jẹ́ kí orúkọ gígùn àti lẹ́tà Yorùbá wọlé. Bí orúkọ fáìlì Yorùbá bá ṣe wúruwùru lórí àwo, ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Windows á béèrè bóyá a fẹ́ lo àwo náà bíi USB, tàbí a fẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ CD àti DVD. Ti àkọ́kọ́ rọrùn, fáìlì lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà nílé lè kọ̀ ọ́. Ìkejì ló dára fún ohun tí a fẹ́ fún ẹlòmíì. Orin náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: bí a bá kàn kó MP3 sórí àwo, rédíò ọkọ̀ àtijọ́ tí kò gbọ́ MP3 kò ní kọrin. Ó yẹ kí a sọ fún kọ̀ǹpútà pé CD orin la fẹ́.

Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, dráífù á kọ́kọ́ dán agbára iná rẹ̀ wò níbi kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní etí inú. Lẹ́yìn náà ló ń kọ̀wé lọ láìdúró. Láyé àtijọ́, bí kọ̀ǹpútà bá pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé fáìlì wá, ìkọ̀wé á já, àwo á sì bàjẹ́. Nǹkan bí ọdún 2000 ni Sanyo gbé BURN-Proof jáde, tó mú kí dráífù lè dúró, kó rántí ibi tó dé, kó sì tẹ̀síwájú. Àwo tó ń ṣòfò dín kù gan-an láti ìgbà yẹn. Síbẹ̀, kò dára kí a máa fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tó wúwo nígbà tó bá ń bọ́ọ̀nù, pàápàá níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró. Bí iná bá lọ láàárín, kò sí ìrántí tó lè gba àwo náà là.

Apá ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ní sùúrù fún, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Lẹ́yìn tí fáìlì ti wọlé tán, dráífù á padà sí inú láti kọ àkójọ ohun tó wà lórí àwo, yóò sì ti àwo náà pa. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkàwé. Bí a bá yọ àwo kó tó parí, ó lè ṣí nínú kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́, kí ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀ sì sọ pé òun kò rí àwo kankan. Bí ètò náà bá béèrè bóyá kó yẹ ohun tó kọ wò, ó dára kí a gbà fún un: yóò ka gbogbo rẹ̀ padà, yóò sì fi wé fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Fídíò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú òbí tí ìdílé ń tọ́jú kò yẹ kó wà lórí àwo láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò.

Aró àti fàdákà sún mọ́ òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ìhà tí a ń kọ orúkọ sí ni nǹkan ti lè tètè ba àwo jẹ́ jù. Bíírò tó ṣóńṣó lè gún ọ̀dà orí rẹ̀ lu. Pẹ́nì olómi tí wọ́n ṣe fún àwo ló yẹ kí a lò. Oòrùn náà ń pa aró. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ti ní dráífù àwo mọ́, ohun tó bá ṣeyebíye yẹ kó ní ẹ̀dà mìíràn lórí háàdì dísìkì.