Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Àbàtà Amara Kí Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Tó Dé?

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan gúúsù ilẹ̀ Ìráàkì lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé láti ayébáyé ni ilẹ̀ àbàtà ìhà Amara ti jẹ́ ti àwọn ṣéíkì ńlá, ìyẹn àwọn olórí ẹ̀yà Lárúbáwá, pé ogún bàbá wọn ni, àti pé ńṣe ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àṣà náà nílẹ̀, tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, tí wọ́n sì ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Àwọn tó kàwé dáadáa ń sọ ọ́, àwọn tó kórìíra ìjọba amúnisìn gan-an náà ń sọ ọ́. Ó máa ń bí mi nínú, nítorí pé ó gbé ohun tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lé àṣà lórí, ó sì gba ẹ̀tọ́ àwọn tó ń dá oko náà kúrò nínú ìtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

N kò ní pẹ́ lórí ohun tí kò sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Íńdíà gba Basra lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ní oṣù kọkànlá ọdún 1914, wọ́n wọ Amara ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1915, Odò Tígírísì sì di ọ̀nà tí oúnjẹ, ọta ìbọn àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ ń gbà kọjá. Àwọn ẹ̀yà tó wà létí odò náà lè jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ní àlàáfíà, wọ́n sì lè máa yìnbọn lù ú láti inú koríko. Gbogbo èyí ló ṣe kedere. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí.

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì, gbé kalẹ̀ ní 1858 sọ pé ìjọba ló ni ilẹ̀ oko tí wọ́n ń pè ní miri, pé ẹ̀tọ́ láti lò ó nìkan ni ẹni tó wà lórí rẹ̀ ní. Nígbà tí Midhat Pasha jẹ́ gómìnà Baghdad láàrin 1869 sí 1872, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tapu. Ní ìhà Odò Yúfírétì, láàrin àwọn ẹ̀yà Muntafiq, ìdílé Sa'dun, tó ń ṣe olórí wọn, ló gba púpọ̀ nínú ìwé náà, àwọn tó ti ń dá oko níbẹ̀ látẹ̀yìnwá sì di ẹni tó yẹ kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà pé tiwọn ni. Wọn kò gbà, ìjà náà kò sì tíì parí nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Ọ̀tọ̀ ni ti Amara. Àwọn ṣéíkì ńlá ibẹ̀ kò gba tapu. Ọwọ́ ìjọba ni ilẹ̀ náà wà, Súlútánì Abdulhamid Kejì sì sọ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ di ohun ìní ara rẹ̀, títí tí ìyípadà ìjọba Ottoman ní ọdún 1908 fi dá a padà sí àpò ìjọba.

Báwo wá ni ilẹ̀ náà ṣe ń dé ọwọ́ ṣéíkì? Gbàǹjo ni. Ìjọba a pín ilẹ̀ náà sí abala ńláńlá, tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní muqata'a, a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè san owó tó ga jù, fún ọdún díẹ̀ péré. Nígbà tí ọdún náà bá pé, wọn a tún un ṣe. Ṣéíkì tó wà lórí ilẹ̀ lónìí lè bá ọmọ bàbá rẹ̀ tàbí olórí ẹ̀yà mìíràn pàdé níbẹ̀, kí ẹni yẹn fi owó lé e, kí ilẹ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Ottoman mọ̀ọ́mọ̀ ń fi èyí dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn olórí ẹ̀yà, kí ẹnikẹ́ni má baà lágbára jù. Mo ń bi ẹni tó sọ pé ogún ni ilẹ̀ yìí: irú ogún wo ni wọ́n ń gbé gba gbàǹjo ní gbogbo ọdún díẹ̀, tí ẹni tó jogún rẹ̀ sì ní láti bá àjèjì du ú? Ohun tí ṣéíkì ń san ju owó-orí lọ. Owó ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ ni, ìjọba sì ni onílẹ̀ náà.

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn máa ṣi èyí mọ̀ ni pé wọ́n ń rí agbára ṣéíkì lórí oko, wọ́n sì rò pé agbára náà wá láti ara níní ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbin ìrẹsì níbẹ̀ nígbà náà kò ní rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, yìnyín tó yọ́ lórí òkè ilẹ̀ Tọ́kì á kún Tígírísì, omi náà á sì ya gba àwọn ẹ̀ka odò bíi Majar al-Kabir àti Kahla lọ sínú àbàtà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí omi ń fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ á yọ jáde létí àbàtà, àwọn àgbẹ̀ á sì dúró nínú omi, wọn á máa fi ọwọ́ ti irúgbìn ìrẹsì mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n gbìn sí lọ́dún yìí lè di ibú omi lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó lè ri òkúta ààlà mọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi ló yẹ ní ìkáwọ́: ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò pe àwọn ènìyàn jáde láti gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nínú odò, tí yóò jẹ́ kí wọ́n fi igi, koríko àti amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ ní àkókò tó yẹ, tí yóò sì pàṣẹ oko tí omi yóò kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ ọ̀ranyàn yìí ni wọ́n ń pè ní hashr. Agbára tí ṣéíkì ní nìyẹn, agbára lórí omi àti lórí ọwọ́ ènìyàn, òun náà ló sì mú kí ìjọba máa wá a, nítorí pé òṣìṣẹ́ owó ilẹ̀ kò lè wọn oko tó ń ṣí kiri, bẹ́ẹ̀ ni kò lè lé àwọn Ma'dan tó ń sin ẹfọ̀n bá nínú àbàtà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ń gbà.

Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀ sí tiwọn, tí wọ́n ń pè ní dira. Ẹ̀tọ́ gbogbo ẹ̀yà ni, wọ́n sì ti fi ìjà àti iṣẹ́ ọwọ́ gbà á. Ṣéíkì Albu Muhammad, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Amara, lè ṣojú ẹ̀yà rẹ̀ lórí dira wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣojú ìdílé lórí ilẹ̀ ìdílé kò lè tìtorí ìyẹn sọ pé tòun nìkan ni. Kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye èyí.

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá dá lórí ogun tí wọ́n ń jà. Henry Dobbs, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún owó ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gba Basra, ti ṣiṣẹ́ ní Baluchistan, létí ààlà Íńdíà, níbi tí ìjọba Íńdíà ti ń fi owó àti ọlá mú àwọn olórí ẹ̀yà dání kí wọ́n lè bá wọn ṣọ́ ìlú. Ètò yẹn ló gbé wá. Gbàǹjo dópin, ilẹ̀ Amara dúró sọ́wọ́ àwọn ṣéíkì tí wọ́n yàn, iye tí wọ́n ń béèrè, tí wọ́n ń kà ní rupee Íńdíà, wálẹ̀, wọ́n sì retí kí ṣéíkì jẹ́ kí odò wà ní àlàáfíà. Ní 1916 wọ́n gbé òfin jáde fún ẹjọ́ àwọn ẹ̀yà, tí wọ́n fi òfin ààlà ilẹ̀ Íńdíà ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, èyí tó mú ẹjọ́ àwọn ará oko kúrò ní kóòtù, tó sì fi í sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn olórí ẹ̀yà. Láyé Ottoman, àgbẹ̀ tí ṣéíkì rẹ̀ bá ń fìyà jẹ lè retí pé nígbà gbàǹjo tó ń bọ̀, ẹlòmíràn lè gba ilẹ̀ náà. Ọ̀nà yẹn dí. Ẹni tó ń gba ìpín ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún ń dá ẹjọ́ rẹ̀, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lẹ́yìn onítọ̀hún. Nígbà tí àwọn ẹ̀yà Yúfírétì dìde sí ìjọba ní 1920, Amara kò dìde.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Ìráàkì gba òmìnira ní 1932. Òfin ọdún 1933 lórí ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn àgbẹ̀ kò jẹ́ kí àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè lè kúrò lórí oko. Síbẹ̀, ilẹ̀ Amara ṣì jẹ́ ti ìjọba. Ọdún 1952 ni wọ́n tó ṣe òfin pàtó tí yóò jẹ́ kí ilẹ̀ náà lè di ti àwọn tó wà lórí rẹ̀, àwọn ṣéíkì náà sì wà nínú wọn. Bí ilẹ̀ náà bá ti jẹ́ tiwọn láti ayébáyé, kí ni wọ́n ń wá òfin 1952 fún? N kò tíì rí ẹni tó gba ìgbàgbọ́ yìí gbọ́ tó dáhùn ìbéèrè náà. Ní àkókò yẹn, àwọn àgbẹ̀ Amara ti ń fi oko sílẹ̀ lọ sí Baghdad, wọ́n ń gbé inú ilé koríko àti amọ̀ lẹ́yìn odi ìlú. Òfin àtúntò ilẹ̀ ti 1958 sì bá púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi èyí sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dá àwọn ṣéíkì sílẹ̀. N kò lè tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ìdílé tí Majid al-Khalifa àti Falih al-Sayhud, àwọn ṣéíkì ńlá Albu Muhammad, ti wá ti ń ṣe olórí kí ogun tó dé, ìjọba Ottoman náà sì ti ń lò wọ́n. Ní ìhà Suq al-Shuyukh, létí Odò Yúfírétì, níbi tí àwọn olórí kéékèèké ti pọ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà kò rí ṣéíkì ńlá kan gbé dìde. Ó jọ pé ohun tí wọ́n ṣe ní Amara ni pé wọ́n mú agbára tó wà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di èyí tí kò ṣeé yẹ̀ mọ́, bó ti jọ ohun tí ìjọba Lugard ṣe nílẹ̀ wa, tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ní 1916 àti nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Ìwọ̀n tí èyí jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àti ìwọ̀n tó jẹ́ ti Ottoman ṣeé jiyàn lé lórí, ó sì lè yàtọ̀ láti muqata'a kan sí èkejì.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ ìgbà náà pé kí ẹ ṣọ́ra. Ìwé owó ilẹ̀ ń kọ orúkọ ẹni tó ń san owó fún ìjọba. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé ilẹ̀ kan jẹ́ ti ṣéíkì báyìí, ohun tó ń sọ ni pé òun ni wọ́n fi muqata'a náà lé lọ́wọ́ lọ́dún yẹn. Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́, ẹ wo iye tí wọ́n ní kó san, ẹ sì wá orúkọ ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà ṣáájú rẹ̀.